Bàbá Lásísì Kọ́ Ìrìn Ẹ̀yìn

Àwọn ará àdúgbò wa ní Ìgbòho ń sọ pé ijó ló pa bàbá àgbà mi. Wọ́n máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ tí mo bá ń kọjá, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́. Lásísì Àkànní, tó fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún wa katakata, tó tú oko ìdajì ìlú, tí kò jó níbi ìgbéyàwó ara rẹ̀ pàápàá, ló wá kú nítorí ijó òyìnbó kan tó kọ́ nínú fóònù ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Èmi ni ọmọ-ọmọ náà. N kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo kàn fẹ́ kọ irú ẹni tó jẹ́ sílẹ̀, kí ẹnu ayé tó sọ ọ́ di ẹlòmíràn.

Ẹni líle ni. N kò ní torí pé ó ti kú kí n wá parọ́ mọ́ ọn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó máa ń gbé mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí katakata, eruku pupa á bo àwa méjèèjì títí a ó fi jọ ara wa. Poro tó bá là máa ń tọ́ bí okùn tí wọ́n nà. Lọ́dún kan, ọkùnrin kan tí oko rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìgànná bẹ̀ ẹ́ pé kó yà díẹ̀ níbi igi kajú kan tó wà láàárín ilẹ̀ náà, pé olóògbé bàbá òun ló gbìn ín. Bàbá pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní kí ó gé igi náà, tàbí kí òun máa lọ. Ọkùnrin náà kò gé e. Bàbá gbé katakata rẹ̀ kúrò, ó fi ìdajì oko sílẹ̀ láìtú, kò sì padà síbẹ̀ títí àkókò ọ̀gbìn fi kọjá. Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, mo bi í pé ṣé kò ṣàánú ọkùnrin náà ni. Kò wojú mi.

"Katakata mi kì í yà fún ẹnikẹ́ni, Àṣàkẹ́."

Bó ti ṣe ìyá mi náà nìyẹn. Ràbíátù ni orúkọ ìyá mi, òun sì ni àkọ́bí Bàbá. Bàbá ti fi í fún ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, wọ́n ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó, kí ìyá mi tó sọ pé ẹni tí òun fẹ́ ni ọkùnrin kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Ìwéré-Ilé. Bàbá kò nà án, kò sì pariwo. Ó ní kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ìyá àgbà mi, tí èmi ń pè ní Màmá, kúnlẹ̀ sójú ilẹ̀, ó di aṣọ rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́. Bàbá rọra já aṣọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ọmọ fi kó ẹrù jáde.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí ìyá mi kú sórí ìkúnlẹ̀ ọmọ kejì. Ọlọ́kadà kan ló gbé ìròyìn náà wá sí Ìgbòho. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Màmá sọ ọ́ fún mi rí, kò sì tún un sọ mọ́. Ó ní Bàbá ń jẹun lọ́wọ́. Ó gbọ́ ohun tí ọlọ́kadà náà sọ, ó jẹ èyí tó kù nínú àwo tán, ó fọ ọwọ́, ó nu ọwọ́ náà gbẹ. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún Màmá, tó ti ń wé gèlè láti máa lọ:

"Bá mi kí wọn níbẹ̀."

Màmá nìkan ló lọ síbi ìsìnkú. Ọjọ́ kẹta ló padà dé pẹ̀lú èmi lẹ́yìn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń pọ̀n. Bàbá tó bí mi kúrò ní Ìwéré-Ilé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ọmọ inú ilé tí tọkọtaya kì í ti fọwọ́ kan ara wọn. Láti ọjọ́ tí Màmá ti Ìwéré-Ilé dé, kò tún fi ohunkóhun lé Bàbá lọ́wọ́ mọ́. Tó bá gbé oúnjẹ wá, á gbé e sórí àpótí, á sì yí padà. Tí Bàbá bá ní kó fún òun lómi, á gbé ife náà sílẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì síbi tó wà, Bàbá á dìde lọ gbé e. Kì í bú u. Kì í kùn. Mo rò pé bí gbogbo tọkọtaya ṣe ń ṣe nìyẹn, títí mo fi lọ kàwé ní Ṣakí, tí mo rí ìyàwó olùkọ́ wa tó ń bá ọkọ rẹ̀ de bọ́tìnnì ọrùn.

Orúkọ ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà. Gbogbo ìlú ń pe Màmá ní Ìyá Ràbí, nítorí Ràbí ni àkọ́bí rẹ̀. Bàbá nìkan ló dẹ́kun pípe orúkọ yẹn. Ó sọ ọ́ di Ìyá Sùlè, orúkọ àbúrò ìyá mi, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Màmá kò jẹ́ kó rí ibi sá sí. Bàbá Ràbí ló ń pè é ní àárọ̀, ní ọ̀sán, àti ní alẹ́. Bàbá Ràbí, oúnjẹ ti délẹ̀. Bàbá Ràbí, ẹ ní àlejò. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi ń ṣe èyí láìsinmi. Nígbà kan tí mo ti di ọ̀dọ́mọbìnrin, mo bi Màmá pé kí ló dé tí kò fi orúkọ náà sílẹ̀ kí ilé lè rọrùn.

"Ta ni á máa pè é tí èmi náà bá dákẹ́?"

Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yìí kan náà fẹ́ràn mi. Òun ló ń lọ aṣọ ilé-ìwé mi, pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù eléèédú, láràárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Òun ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nílùú wa, ó rìn láti ilé wa títí dé ẹnu géètì ilé-ìwé náà láti lọ wo bí mo ṣe ń to àwọn ọmọ sórí ìlà. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tó dárúkọ ìyá mi fún mi. Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo bi í bóyá mo jọ ìyá mi. Ó wò mí títí, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Lọ bu omi wá."

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó máa ń jókòó lé e kí àwọn ènìyàn má baà rí i. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́lẹ̀. Á ti máa rìn bọ̀ dáadáa, tó bá kan ẹnu ọ̀nà báyìí, ẹsẹ̀ méjèèjì á kọ̀, á dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ níṣòó. Mo gbé e lọ sí ọsibítù ní Ṣakí. Wọ́n ní inú ọpọlọ ni àìsàn náà wà, kò sì ní lọ mọ́. Obìnrin kan níbẹ̀, tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn, bá wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ó ní nílẹ̀ òkèèrè, àwọn tó ní irú àìsàn yìí máa ń kọ́ ijó kan tí wọ́n ń pè ní táńgò, pé ó ń ran ẹsẹ̀ wọn lọ́wọ́, nítorí pé ìrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀ ju ijó lọ. Ó ní àwọn ará Ajẹntínà ló ni ín.

"Ajẹntínà tó ń gbá bọ́ọ̀lù?" Bàbá béèrè.

"Àwọn náà ni, Bàbá."

Bàbá ronú díẹ̀. "Wọ́n tún ń ráyè jó."

Kí a tó kúrò níbẹ̀, obìnrin náà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ṣe ni kó máa fi ẹ̀yìn rìn. Ó ní ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń ṣubú sí. Mo gbọ́ ọ yékéyéké.

Fídíò kò ṣe é wò nílé wa. Nẹ́tíwọ̀kì á wá, á tún lọ, àwòrán á dúró gbagidi lójú kan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìkan ló máa ń ṣí. Bí mo ṣe ń wá a kiri, mo bá ogún ẹ̀kọ́ pàdé, tí ẹnì kan tí n kò mọ̀ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ fún àwọn tó fẹ́ kọ́ táńgò láìní olùkọ́. Kò sí àwòrán níbẹ̀ rárá. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun Alásárì, Bàbá á jáde sí àgbàlá, èmi á jókòó sórí àpótí, n ó máa ka Gẹ̀ẹ́sì náà sínú, n ó sì máa sọ ọ́ fún un ní Yorùbá.

Ẹ̀kọ́ kìíní ní kó má tíì jó. Ó ní kó dìde dúró, kó gbé gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ lé ẹsẹ̀ kan, títí ẹsẹ̀ kejì yóò fi fúyẹ́ bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá dijú. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ. Ẹ̀kọ́ kejì ní kó má ṣe ronú nípa ẹsẹ̀ rárá, kó jẹ́ kí àyà kọ́kọ́ lọ, ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ láìdi ògiri mú. Ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù ni èyí tó sọ pé ìdúró wà lára ijó, pé ẹni tó dúró kò tíì dá ijó dúró. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, àwọn ènìyàn sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan na ọwọ́ láti tì í.

"Ẹ fara balẹ̀," ni Bàbá wí. "Ìdúró ni mo wà."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Àlùfáà. Ó wá sílé wa, ó jókòó, ó ní òun gbọ́ pé Bàbá ń kọ́ ijó nígbà ogbó. Bàbá dìde, ó rìn láti ìdí kànga dé ìdí ògiri, díẹ̀díẹ̀, òógùn ń sàn lójú rẹ̀, èmi sì ń kà á, ọ̀kan, èjì, ọ̀kan, èjì. Nígbà tó padà dé, ó pẹ́ kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Ọ̀nà tí n ó fi máa gbé ara mi dé mọ́sálásí ni mò ń wá, Àlùfáà. Tí ẹ bá ní òmíràn, ẹ kọ́ mi."

Àlùfáà ṣàdúrà fún un, ó sì lọ.

Ẹ̀kọ́ kẹfà ló dá wa dúró. Ó ní táńgò kì í ṣe ijó ẹnì kan, pé kó fa ẹnì kejì rẹ̀ mọ́ra, àyà sí àyà, kí ẹni iwájú máa lọ síwájú, kí ẹnì kejì máa rìn sẹ́yìn. Mo gbìyànjú láti dì í mú, ṣùgbọ́n n kò lè dì í mú kí n tún máa kàwé. Bàbá yí ojú sí ilé ìdáná, níbi tí Màmá ti ń yan gàrí.

"Ìyá Ràbí," ó ní.

Ọwọ́ Màmá dúró nínú agbada. N kò gbọ́ kó pè é bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

"Ìyá Ràbí, wá bá mi dúró."

Màmá kò gbójú sókè. "Ẹ̀yìn ni mo ti ń rìn láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi," ó ní. "N kò ní rìn ín nínú ijó."

Ó ń yan gàrí rẹ̀ lọ. Fún ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá kò jáde sí àgbàlá. Ọjọ́ kẹrin, ó pè mí, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

"Ka ti ẹnì kejì yẹn fún mi. Ti ẹni tó ń rìn sẹ́yìn."

Mo sọ ohun tí obìnrin ọsibítù sọ fún mi. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun gbọ́. Ó ní tí n kò bá kà á, òun á lọ wá ẹlòmíràn tó mọ̀wé. Mo mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn. Mo lè kọ̀. Mo sì kà á. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ nípa mi ní Ìgbòho, ibí yìí ni òótọ́ wọn wà.

Ó fi gbogbo ìgbà ọyẹ́ kọ́ ọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ kan lára ògiri, èmi lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú apá ṣíṣí. Ẹ̀kọ́ náà ní kí ẹni tó ń rìn sẹ́yìn má ṣe bojú wẹ̀yìn, kó gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó dì í mú. Èyí ni kò lè ṣe. Ó máa ń bojú wò. Ó máa ń bínú sí ara rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó rò pé ó tó, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìyá Ràbí, ìwọ ni kí o máa lọ síwájú. Èmi ni n ó máa rìn sẹ́yìn."

Màmá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó fi ìró nù ún, ó sì jáde wá. N kò mọ ibi tí mo lè wò nígbà tó gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń gbọ̀n, n kò sì lè sọ èyí tí àìsàn wà lára rẹ̀. Wọ́n rìn dé ìdí ògiri, kò sí orin, kò sí ohùn kankan bí kò ṣe ti èmi tí mò ń kà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àti ọjọ́ kẹta, títí ó fi mọ́ wọn lára.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì, láàárín ìrìn náà, Màmá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń béèrè iyọ̀:

"Kí ló dé tí ẹ ò lọ sin ọmọ yín?"

Ẹsẹ̀ Bàbá lẹ̀ mọ́lẹ̀. Màmá kò tì í, kò sì fi í sílẹ̀. Ó dì í mú títí ó fi lè sọ̀rọ̀.

"Ojú ń tì mí. Mo mọ̀ pé wọn á ní èmi ni mo pa á. N kò ní irọ́ tí n ó fi dá wọn lóhùn."

Màmá tún gbé ẹsẹ̀ síwájú, Bàbá sì gbé tirẹ̀ sẹ́yìn.

Ọjọ́ tó ṣubú, òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú bọ̀. Mo sáré lọ kó aṣọ tí mo sá sẹ́yìn ilé, mo fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ lẹ́nu ìrìn wọn nítòsí ìdí ògiri. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tó balẹ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará ilé kejì, Bàbá wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣẹ́ sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í ṣẹ́ sí, Màmá sì dúró lórí rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ ṣí sílẹ̀. A bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mi ló yọ̀," Bàbá wí.

Egungun ìbàdí ló kán. Ní Ṣakí, wọ́n ní ara rẹ̀ kò ní gba iṣẹ́ abẹ. A gbé e padà wálé, ó sì sùn kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje. Ó gbẹ títí ojú rẹ̀ fi di ti ẹlòmíràn. Ó ń jẹ̀rora, kì í sì fẹ́ kí a mọ̀. Á gé aṣọ ìbora jẹ. Màmá ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń gbé ife omi sí i lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, ó bi mí pé ẹ̀kọ́ mélòó ló kù. Mo ní mẹ́rin.

"Má kà wọ́n fún mi mọ́."

Ó kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, kí oòrùn tó mú. Wọ́n sin ín ṣáájú ìrun ọ̀sán.

Ní ọjọ́ àdúrà kẹjọ, lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà ti jẹun tán tí wọ́n sì ti lọ, Sùlè, àbúrò ìyá mi, dìde láàárín ẹbí. Ó ti ń pa ìbínú mọ́ra láti ọjọ́ tó ti Ìbàdàn dé. Ó nawọ́ sí mi.

"Wọ́n sọ fún ọmọ yìí ní ọsibítù pé Bàbá kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn rìn. Ó mọ̀, ó sì kà á fún un. Ìwọ lo pa bàbá mi, Àṣàkẹ́."

Kò sẹ́ni tó gbèjà mi. N kò gbèjà ara mi. Mo wo Màmá, ó ń wo ilẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà ń lọ láàárín ìka rẹ̀. Mo lọ sí yàrá mi, mo sì jókòó sílẹ̀ títí gbogbo wọn fi túká.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Màmá nìkan ló wà nílé. A jókòó sí àgbàlá, a ń bó gbágùúdá. Ó ti bó tó ìdajì apẹ̀rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìwọ kọ́ lo pa á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì yọ̀."

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "A ti fẹ́ dé ìdí ògiri, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ló bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tòótọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ. Ẹ̀rín Ràbí ni. Bí Ràbí ṣe máa ń rín in gan-an ni, tí á kọ́kọ́ fi imú fà á. Mo ti gbàgbé pé ara rẹ̀ ni ọmọ ti mú un. Ni mo bá jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀."

"Ó ti rẹ̀ yín ni, Màmá?"

"Kò rẹ̀ mí."

Ó ń bó gbágùúdá lọ. Èèpo ń já bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Mo béèrè bóyá Bàbá mọ̀.

"Ó mọ̀. Ojú mi ló ń wò títí ó fi balẹ̀. Nígbà tí ẹ wá ń bi í, ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ó sọ ọ́ fún dókítà, ó sọ ọ́ fún Sùlè. Nígbà tó ku èmi àti òun nìkan, mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n yẹn bò mí lẹ́nu."

A bó gbágùúdá náà títí apẹ̀rẹ̀ fi tán. Ó gbọn èèpo kúrò lára ìró rẹ̀, ó dìde, ó fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn ìbàdí rẹ̀.

"Mo rí i pé ò ń kọ nǹkan nípa rẹ̀ sínú ìwé," ó ní. "Kọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n má kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ̀."